Ọrún, Ìsán àti Ìtàdógún: Òǹkà Ọjọ́ àti Ojú tí Yorùbá fi ń Wo Àkókò

Nínú ìwé tí A. B. Ellis, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì, ṣe lórí àwọn Yorùbá ní 1894, ó kọ ọ́ pé ọjọ́ márùn-ún ni ọ̀sẹ̀ wa, àti pé mẹ́fà irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a kà sí oṣù kan. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé Ellis ṣi òǹkà náà túmọ̀. Kì í ṣe pé kò mọ ìṣirò. Ààlà tí èdè Yorùbá pa fún ọjọ́ ni kò rí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta. Bí a bá ná ọjà lónìí, òní ni oókan; ọjọ́ tí a ó tún ná an ni aárùn-ún, òun ni a fi ń pè é ní ọrún. Ọjọ́ ọjà kan náà ni ó parí ọ̀sẹ̀ kan tí ó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹ wo ọgbà tí ó ní òpó márùn-ún: àlàfo mẹ́rin péré ni ó wà láàárín wọn. Òpó ni Yorùbá ń kà, àlàfo ni Gẹ̀ẹ́sì ń kà.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú èdè fúnra rẹ̀. Ẹ yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò nínú ọrún, ìsán àti ìtàdógún. Ohun tí yóò kù ni mẹ́rin, mẹ́jọ àti mẹ́rìndínlógún, gbogbo wọn ni ó sì bá ọjà mu. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ márùn-ún ni ọ̀sẹ̀ lóòótọ́, ìtàdógún kì bá tí bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Ajé, Ajé tí ó tẹ̀ lé e ni a ń sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ ni a sì ń pè é. (Àwọn Faransé pàápàá ń pe ọ̀sẹ̀ kan ní ọjọ́ mẹ́jọ. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ a máa ná ọjà wọn ní ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ, ṣùgbọ́n orí ẹẹ́sàn-án ni orúkọ rẹ̀, nundinae, dúró lé. Ìsán gan-an nìyẹn!)

Ní èrò tiwa, ẹni tí ó ń ka òpó kì í wo ọjọ́ iwájú bí àlàfo òfìfo tí ó ń dúró kí ó tán. Òní wà nínú òǹkà náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú àdéhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjẹta àti ìdúnta: láti orí òní àti ọdún yìí ni a ti ń ka ẹ̀yìn bọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sínú ìwé àtijọ́. Ní Ìdànrè, níbi tí kòkó ti ń mówó wọlé, bí òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ bá wí pé kí a tú kòkó tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ní ọjọ́ kẹfà, àgbà tí ó ka ọjọ́ ìbò mọ́ ọn yóò tú u lẹ́yìn òru márùn-ún, nígbà tí òṣìṣẹ́ náà ń ro mẹ́fà. Kòkó tí kò bá sì kan tó, inú rẹ̀ a máa pọ́n bí àlùkò, a sì máa korò. Owó rẹ̀ yóò wálẹ̀. Nínú kíláàsì ńkọ́? Bí olùkọ́ bá béèrè pé, bí òní bá jẹ́ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ wo ni ọjọ́ kẹta, ọmọ tí ó dáhùn pé Ọjọ́rú kò ṣì í. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wa tí a bá rán lọ kọ́ni níbẹ̀ tó fagi lé e, kí ó kọ́kọ́ bi ọmọ náà pé ọjọ́ wo ni ó pè ní oókan.