Ta Ló Lọ Ilá Lójú Ọ̀rọ̀nsẹ̀n?

Bí oṣù kẹsàn-án bá dé, ìlú Ọ̀wọ̀ a yí padà fún ọjọ́ 17. Ọkùnrin ò gbọdọ̀ dé fìlà, obìnrin ò gbọdọ̀ wé gèlè. Wọn kì í lùlù, wọn kì í yìnbọn. Agogo ni ìró rẹ̀ gba ìgboro kan. Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú náà, fúnra rẹ̀ a dirun bí obìnrin, a wọ ẹ̀wù onílẹ̀kẹ̀, a sì jáde kí tọmọdé tàgbà rí i. Àlejò tí kò gbọ́ orúkọ ọdún Ìgógó yìí rí lè rò pé àwàdà ni. Ọmọ Ọ̀wọ̀ mọ̀ pé ayaba kan ni wọ́n ń tù lójú.

Ìgógó ló ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkigbà tí mo bá ń wo iṣẹ́ àwọn tó ń dá ẹ̀sìn sílẹ̀ fún géèmù. Irú géèmù tí mò ń wí ni èyí tí èèyàn mẹ́rin márùn-ún máa ń jókòó yí tábìlì ká láti ṣe: kálukú a sọ ara rẹ̀ di ẹlòmíì nínú ayé àfinúrò, wọn a máa ju ọmọ bíi ti lúdò láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síni. Dungeons & Dragons, tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, ni bàbá wọn. Ẹni tó bá dá ayé inú eré náà ni yóò dá òrìṣà ibẹ̀ pẹ̀lú, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣìnà. Wọn a kọ́kọ́ to àwọn òrìṣà bí ọlọ́jà ṣe ń to àtẹ: ti ogun rèé, ti òkun rèé, ti ikú rèé, wọn a wá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì, àwọ̀, àti agbára tí yóò máa fi ta àwòrò rẹ̀ lọ́rẹ. Ó mọ́ lójú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù irú òrìṣà bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù lẹni tó ń ṣeré kà á sí.

Ìtàn tí wọ́n ń pa ní Ọ̀wọ̀ kò ti ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ̀n fẹ́ Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, obìnrin tó lówó, tó lẹ́wà, tí kì í sì í ṣe èèyàn lásán. Èèwọ̀ mẹ́ta ló ní: wọn ò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá, wọn ò gbọdọ̀ sọ igi ìdáná kalẹ̀ gbì níwájú rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ gbọ́, wọ́n fi sínú. Ọjọ́ tí ọba ò sí nílé, wọ́n ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó bínú jáde. Àwọn tí wọ́n rán tẹ̀ lé e bá a nínú igbó, ó kọ̀, kò padà wálé. Gèlè rẹ̀ ló fi sílẹ̀, ó ní kí wọ́n máa rúbọ sí òun lọ́dọọdún.

Gèlè ló ṣẹ́kù, gèlè náà ló wá di ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wé. Ọba tí kò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n lé ìyàwó rẹ̀ ló ń fi irun dídì jáde bí obìnrin. Èmi ni mo kà á bẹ́ẹ̀ o. Ẹlòmíì lè kà á bó ṣe wù ú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òfin fìlà yẹn kì í béèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹni. O lè jẹ́ Mùsùlùmí, o lè jẹ́ ọmọ ìjọ, orí rẹ ni wọ́n ń wò. Ẹ̀sìn tí kò bá lè dí ẹni tí kò gbà á gbọ́ lọ́wọ́, ọ̀dà ara ògiri ni.

Greg Stafford, tó dá ayé Glorantha, sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ lọ. Nínú RuneQuest, géèmù ọdún 1978 tí wọ́n gbé kalẹ̀ sínú ayé yẹn, Humakt ni òrìṣà ikú àti idà, bó bá sì fúnni lẹ́bùn, ó ní èèwọ̀ tó ń bá ẹ̀bùn náà rìn. Iṣẹ́ ọwọ́ àgbà nìyẹn. Síbẹ̀, àárín olùsìn àti òrìṣà nìkan ni èèwọ̀ ibẹ̀ mọ. Kò sí orogún nínú ilé. Ní Ọ̀wọ̀, èèwọ̀ Ọ̀rọ̀nsẹ̀n ni ọ̀bẹ tí àwọn tó kórìíra rẹ̀ rí mú. Nyambe, géèmù tí wọ́n gbé jáde ní 2002 nípa Áfíríkà àfinúrò, yá ọ̀rọ̀ náà “òrìṣà” lọ́wọ́ wa. Kò burú, àmọ́ ẹni tó bá yá òrìṣà kó má gbàgbé ọlọ ilá.

Ohun kejì tó máa ń bí mi nínú ni máàpù àwọn ayé géèmù wọ̀nyí: ẹ̀yà kan, èdè kan, òrìṣà kan, ààlà gún régé bí ilà rúlà. Kí ẹni tó yà á wá sí Ìdóàni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́. Nínú ìlú kan ṣoṣo yẹn, èdè àdúgbò Ìyáyù bá ti Ẹ̀dó tan, aládùúgbò wọn sì ń sọ Yorùbá.

Igbó Laja, ní Ọ̀wọ̀, ló wá wọ̀ mí lára jù. Igbó yìí ni wọ́n so mọ́ ìtàn Ọ̀rọ̀nsẹ̀n. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wú ilẹ̀ ibẹ̀ ní 1971, ère amọ̀ tí wọ́n ti wà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ló bá pàdé. Ojú àwọn mìíràn nínú wọn jọ ti Ifẹ̀, àwọn mìíràn fara jọ ti Bìní. Ẹkùn wà níbẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀ èèyàn há ẹnu. Orí tí wọ́n gé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nínú apẹ̀rẹ̀. Ìtàn ń sọ ti ilá àti gèlè, ilẹ̀ ń sọ ti ẹ̀jẹ̀. Ẹnu wọn ò kò, àjọ̀dún kò sì torí ẹ̀ dúró. Ẹni tó bá ń dá ẹ̀sìn fún géèmù, kó ri nǹkan mọ́lẹ̀ tí ìtàn àwòrò ò ní lè ṣàlàyé, kó má sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ara rẹ̀.