Ẹkùn Kì Í Ṣe Tigre: Àríwísí lórí Orúkọ Ẹranko Pendjari ní Èdè Yorùbá

1. Ìbéèrè

Ẹni tó bá fẹ́ ti Kétu lọ wo ẹranko ní ọgbà Pendjari yóò la orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ já láti gúúsù dé àríwá. Yóò gba Djougou àti Natitingou kọjá kó tó dé Tanguiéta. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò lọ, torí pé bí òjò bá ti dé, ọ̀nà inú ọgbà a bàjẹ́, koríko a sì ga bo ẹranko mọ́lẹ̀. Faransé ni yóò fi ka ohun tó yẹ kó mọ̀ kó tó gbéra. Ká wá ní a fẹ́ kọ irú ìwé atọ́nà bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá fún àwọn ará Kétu, Pobè àti Sakété, orúkọ wo la ó kọ sábẹ́ àwòrán ẹranko kọ̀ọ̀kan?

Lórí erin, kìnnìún àti ẹfọ̀n, kò sí ìjà. Orí àwọn ẹranko alámì méjì tó jẹ́ ìbátan ológbò ni wàhálà wà: èyí tí Faransé ń pè ní léopard àti èyí tó ń pè ní guépard. Àwọn méjèèjì ló wà ní Pendjari. Èrò wa ni pé ìtumọ̀ tó gbilẹ̀ lónìí, èyí tó fi ẹkùn pe tigre tó sì fi àmọ̀tẹ́kùn pe léopard, kò lè ṣiṣẹ́ nínú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó fún ẹranko tí kò sí nílẹ̀ wa ní orúkọ, ó sì fi èyí tó wà nílẹ̀ sílẹ̀ láìlórúkọ.

2. Ọ̀nà méjì, ibùdó kan

Ní ẹ̀gbẹ́ Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì ló fà á. Àwọn ará Yúróòpù ìgbà àtijọ́ tó wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà a máa pe léopard ibẹ̀ ní tiger. Ẹni tó bá ti kọ́ pé ẹkùn ni tiger, tó wá rí tiger gidi nínú ìwé àwòrán pẹ̀lú ìlà gbọọrọ lára rẹ̀, yóò gbé orúkọ náà lé e lórí. Léopard yóò wá di ẹni tó ń wá orúkọ, àmọ̀tẹ́kùn ló sì wà nítòsí. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ṣí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní oṣù kìíní ọdún 2020, leopard náà ni àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ orúkọ yìí sí.

Ní ẹ̀gbẹ́ tiwa, Faransé ló ní panthère, ó sì tún ní léopard. Panthère ni ọmọ ilé-ìwé ń gbọ́ nínú ìtàn àwọn ọba Abomey. Léopard ló ń bá pàdé nínú ìwé nípa ẹranko. Ẹranko kan náà ni, Panthera pardus, ṣùgbọ́n orúkọ méjì yìí lè mú un rò pé ẹ̀yà méjì ni. Bó bá rò bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó rọrùn jù kó pín orúkọ Yorùbá méjì fún wọn: ẹkùn fún panthère, àmọ̀tẹ́kùn fún léopard. Ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì àti ọ̀nà Faransé kò jọra, àmọ́ ibì kan náà ni wọ́n já sí. Nínú méjèèjì, guépard kò rí orúkọ jẹ́.

3. Ohun tí ẹ̀rí fi hàn

Èkíní, kò sí tigre nínú igbó Áfíríkà kankan. Éṣíà ni ilé rẹ̀. Awọ ẹkùn tí àwọn ọba Yorùbá ń lò kò sì ní ìlà gbọọrọ. Àmì bí òrùka ló wà lára rẹ̀, awọ léopard sì ni.

Èkejì ni ìjálá. Ìwé Adébóyè Babalọlá, The Content and Form of Yoruba Ijala (1966), fi hàn pé kíkí ẹranko jẹ́ apá pàtàkì nínú iṣẹ́ àwọn oníjàálá. Ọdẹ kì í ki ẹranko tí kò mọ ìṣe rẹ̀. Ẹranko tó bá pàdé nínú igbó ló ń kì.

Ẹ̀kẹta wá láti inú ìhun ọ̀rọ̀. Ẹ wo erinmi: erin àti omi ló para pọ̀ di í. Kò sí ẹni tó máa sọ pé erinmi jẹ́ irú erin kan. Erin la fi júwe rẹ̀ nítorí pé erin la ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bákan náà ni ẹkùn hàn gbangba ní ìdí àmọ̀tẹ́kùn. Ẹranko tí a ti mọ̀ dáadáa la fi ń sọ èkejì lórúkọ. Ó ṣòro kí ẹranko tí ọdẹ Yorùbá kankan kò bá pàdé rí ní igbó rẹ̀ di ìpìlẹ̀ orúkọ èyí tí wọ́n ń rí. Ìhun ọ̀rọ̀ yìí nìkan ti tó láti mú wa ṣiyèméjì nípa «ẹkùn = tigre».

4. Àtakò méjì

Ẹnìkan lè sọ pé bí àwọn tó ń sọ èdè bá ti ń pe léopard ní àmọ̀tẹ́kùn, orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni kó ṣàpèjúwe, kì í ṣe kó pàṣẹ. Òótọ́ ni. A kò ní kí ará Ìbàdàn yí ẹnu rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n àpèjúwe kò parí síbi kí a kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn. Ìwé atúmọ̀ èdè tó kọ «àmọ̀tẹ́kùn: léopard» láìsọ ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àti irú ẹni tó ń sọ ọ́, kò tíì ṣàpèjúwe ohunkóhun. Ìdọ́gba lásán ló kọ sílẹ̀.

Àtakò kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n jí àlejò méjì láti ilẹ̀ Faransé gbé ní Pendjari, wọ́n sì pa ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń fọ̀nà hàn wọ́n. Ní oṣù kejì ọdún 2022, àwọn agbébọn tún pa ẹ̀ṣọ́ ọgbà W. Nígbà tí ààbò mẹ́hẹ tó báyìí, ta ni a ń kọ ìwé atọ́nà fún? Èsì wa ni pé orúkọ kò ní dúró de ìgbà tí àlejò yóò tún máa wọlé wọ̀ọ́rọ̀wọ́. Àwọn tó ń kọ ìwé fún ilé-ìwé ti ń yàn án báyìí. Ohun tí ọmọdé bá fi kọ́ ẹnu lónìí ni yóò gbé dé ẹnubodè ọgbà lọ́la.

5. Àbá

Àbá wa ni kí ẹkùn dúró fún léopard, kí a sì fi àmọ̀tẹ́kùn pe guépard. Níwọ̀n bí ìlò ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, kí a fi àpèjúwe kún orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹkùn: àmì bí òrùka, ó ki pọ́pọ́, a máa gun igi. Àmọ̀tẹ́kùn: àmì dúdú tó kún, ẹsẹ̀ gígùn, orí kékeré, ìlà dúdú láti ojú dé ẹnu bí ipa omijé, ọ̀sán ló sábà ń sáré ṣọdẹ lórí ọ̀dàn gbalasa.

Ní ti ìwádìí, kí a má fi ọ̀rọ̀ Faransé béèrè orúkọ mọ́. Bí a bá bi ọdẹ Kétu pé «kí ni ẹ ń pe léopard?», ìmọ̀ Faransé rẹ̀ la ń dán wò. Àwòrán, ipasẹ̀ àti ohùn ẹranko ni ká gbé síwájú wọn. Kí a sì kọ orúkọ tí àwọn elédè Biali, Waama àti Gulmancema ń pe ẹranko kọ̀ọ̀kan sínú ìwé náà, nítorí àwọn ni ọgbà yìí wà nílẹ̀ wọn. Kò yẹ kí Yorùbá bọ́ sípò Faransé kó sì tún pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti orúkọ lásán lọ. Àgbègbè W, Arly àti Pendjari, tí UNESCO kà pọ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2017, wà lára àwọn ibi díẹ̀ tí guépard ṣì kù sí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Iye tó kù kò pọ̀ rárá. A ń bẹ ará ìlú pé kí wọ́n má pa á, kí wọ́n má ra awọ rẹ̀. Bí a kò bá fún un ní orúkọ tirẹ̀, ẹranko mìíràn ni ẹni tó ń gbọ́ wa yóò rò pé à ń sọ.