Ìwé Kọ́míìkì Abẹ́ Ìrọ̀rí: Kí Ni A Rí Nínú Wọn?



Ìparí àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan ní Ìkẹ́rẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan tí ó wá láti Emùré yọ ìwé kan jáde nínú àpò agbádá rẹ̀. Ó ti ya á sí méjì. Ó ní abẹ́ ìrọ̀rí ọmọ òun obìnrin ni òun ti bá a, pé àwòrán iwin àti ẹranko abàmì ló kún inú rẹ̀, pé ọmọ náà kò tíì há súrà tí ààfáà fún un láti ọ̀sẹ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ ó lè sọ ohun tí ó wà nínú ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwo inú rẹ̀. Ohun tí bàbá kò mọ̀ ni pé ìwé náà kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀. Àyálò ni. Ọmọbìnrin kan ní Ìsẹ̀ ló ni ín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun.

Orúkọ ìwé náà ni Iyanu: Child of Wonder. A gba àjákù méjèèjì lọ́wọ́ bàbá yìí, a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, a sì kà á. Lẹ́yìn náà ni a pe àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré pé kí wọ́n kó ohun tí wọ́n ń kà wá, kí oníkálukú sọ èrò rẹ̀ láìsí ìbẹ̀rù. Wọ́n wá lóòótọ́. Àwọn òbí mélòó kan náà wá, bàbá Emùré sì jókòó síwájú pátápátá.

Kí a tó dá bàbá yẹn lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ìran tirẹ̀ mọ̀ sí ìwé kọ́míìkì. Ọdún 1976 ni Wálé Adénúgà gbé Ikebe Super jáde. Orúkọ ìwé náà nìkan ti tó kí ènìyàn mọ ibi tí ó forí lé. Papa Ajasco, Boy Alinco, Miss Pepeiye àti Pa Jimoh ni wọ́n wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí a kì í rín níwájú ìyá ẹni ni. Kí a má purọ́, púpọ̀ nínú àwa tí a ń kọ ojú ewé yìí kà á, abẹ́ ìrọ̀rí kan náà ni a sì ń kó o sí. Ohun tí ó dùn wá jù nínú rẹ̀ ni orúkọ Pa Jimoh yẹn. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ tí Ọlọ́hun fi ṣe olórí ọjọ́ fún wa ni a ń sọ ní Jímọ̀, ṣùgbọ́n arúgbó tí ń lé obìnrin kiri ni ó dà lọ́wọ́ ayàwòrán. A kò sọ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ fi wá ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń jẹ́ Jímọ̀ ní kíláàsì wa nígbà náà mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Àwọn mìíràn wà lákòókò yẹn tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1975, wọ́n ṣe Powerman ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń kó o wá tà ní Nàìjíríà. Aláwọ̀ dúdú ni akọni inú rẹ̀, kò sí ohun tí ó lè pa á lára àfi kí ejò bù ú jẹ. Òyìnbó méjì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ni wọ́n ń yà á, àwọn méjèèjì sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lẹ́yìn náà. Ọwọ́ wọn dá ṣáṣá. Àmọ́ àwọn tí kò mọ ilé wa ni wọ́n ń ya ilé wa, ó sì hàn. Atọ́ka ni ó sún mọ́ wa jù nínú gbogbo wọn. Fọ́tò àwọn eléré orí ìtàgé ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn kì í yà á, ọ̀rọ̀ tí ń jáde lẹ́nu wọn sì jẹ́ Yorùbá tí ìyá ẹni lè kà. Àwọn tí ó fi Atọ́ka kọ́ Yorùbá kíkà ní Èkìtì yìí kò kéré.

Nísinsìnyí a padà sí ọ̀dọ̀ Iyanu. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́. Godwin Akpan ni ó yà á. Ilé iṣẹ́ Dark Horse ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé kìn-ín-ní ní ọdún 2021, ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni Cartoon Network sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í hàn gẹ́gẹ́ bí fíìmù. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, aláìníyàá aláìníbaba, tí obìnrin kan tí ń jẹ́ Olori tọ́ dàgbà ní ibi ìkọ̀kọ̀. Ojoojúmọ́ ni Olori ń kọ́ ọ ní ìtàn àti ìmọ̀ àwọn baba ńlá Yorùbá, ó sì ń wu ọmọ náà kí ó gbé ayé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kan ni ewu dé tí agbára tí kò mọ̀ pé òun ní jí sókè lára rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí agbára yẹn, èyí sì yà wá lẹ́nu. Apá ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ọmọbìnrin kan láti Ìsẹ̀ ní ìgbà tí òun kà pé Iyanu ń jókòó ti ìwé àtijọ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré, wàláà òun ní ilé-kéwú ni òun rántí. Ó ní òun rò pé òun nìkan ni nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ọmọ bàbá Emùré mi orí, kò sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ wò ó. Ìgbà yẹn ni a mọ̀ pé ìwé náà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe ju bí a ti fojú rò ó lọ.

Ààfáà kan dìde, ó ní òun kò bá adùn ìtàn jà, ṣùgbọ́n agbára tí ọmọ yìí ní, ìwé náà fi wé ti àwọn òrìṣà àtijọ́, kí ni kí ọmọ Mùsùlùmí fi ṣe? Ìbéèrè gidi ni. Èrò tiwa ni pé ọmọ tí ó ń gbọ́ àlọ́ mọ̀ pé àlọ́ ni. Ìjàpá ti ń tan ẹranko jẹ nínú àlọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, a kò sì rí ọmọ kan ní Èkìtì tí ó ti ìdí rẹ̀ sin ìjàpá. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ mọ ìyàtọ̀, kí ó jókòó tì í kí ó sọ ọ́ fún un. Ìwé tí a fà ya kò lè ṣàlàyé ohunkóhun. Ní ti yíya àwòrán ohun ẹlẹ́mìí, àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ẹnu wọn kò sì kò lórí gbogbo rẹ̀. A fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ẹjọ́ tí àwa bá ìwé náà rò yàtọ̀ sí èyí. Ìtàn Yorùbá ni, ilẹ̀ Yorùbá ni, orúkọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ, wọn kò sì fi àmì sí orí orúkọ kankan. Ẹ wo Olori yẹn. Nígbà tí a ní kí wọ́n kà á sókè, àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ pè é ní Olórí, bí ẹni pé ó jẹ́ ọ̀gá àwùjọ. Àwọn kan láti Emùré pè é ní Olorì, ìyàwó ọba. Àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré, nítorí obìnrin tí ó jẹ́ olorì tí ó wá ń gbé ní ìkọ̀kọ̀ ní ìtàn mìíràn lẹ́yìn ju ẹni tí ó kàn jẹ́ olórí lọ. Ohun tí àmì kékeré méjì ìbá ti yanjú ni àwa fi odidi ìdajì wákàtí jiyàn lé lórí. Ẹni tí ó lè ya abà àti aṣọ Yorùbá dáadáa tó báyìí, kí ló dé tí kò lè fi àmì sí orúkọ?

Nítorí àwòrán rẹ̀ dára. Ọ̀nà tí a fi dán an wò rọrùn: a ní kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú róbótó, kí wọ́n máa sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ láìṣìnà. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kó wá kò yege nínú ìdánwò yìí. Bí o bá bo ọ̀rọ̀ inú wọn, ènìyàn méjì tó dojú kọ ara wọn tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀ ni o máa rí.

Ìdánwò yìí kì í ṣe tiwa. Ilẹ̀kùn kan ló kọ́ wa. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, tí ó ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀, tí ó sì kú ní ọdún 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ọ̀gọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ó pín in sí ojú àwòrán lórí ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ojú ewé kọ́míìkì gan-an. Ní apá kan, Ọ̀gọ̀gà jókòó pẹ̀lú adé lórí. Ní apá kejì, wọ́n ń fi àga ìrọ̀gbọ̀kú gbé òyìnbó aláṣẹ bọ̀ lórí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Síbẹ̀, bí o bá wò ó, o mọ ẹni tí ó wà nílé àti ẹni tí ó jẹ́ àlejò. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ní Wembley ní ọdún 1924, àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Ọ̀gọ̀gà kò gba owó, àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà dípò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní. Ẹni tí ó bá sọ fún ọmọ wa pé nǹkan òyìnbó ni fífi àwòrán pín ìtàn, kí ọmọ náà dá a lóhùn pé ará Ìsẹ̀ ni òun.

A yára mẹ́nu kan àwọn ìwé Comic Republic, ilé iṣẹ́ tí Jide Martin dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2013. Ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdí nìyí tí àwọn ọmọkùnrin fi mọ̀ wọ́n ju ìyókù lọ. Guardian Prime ń wọ àwọ̀ àsíá wa. Eru jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó. Èyí ni àwọn ọmọ fẹ́ràn jù, nítorí wọ́n ní àwọn mọ olùkọ́ tí ó rí bẹ́ẹ̀. Ìjà pọ̀ jù fún wa.

Ìwé tí ó fa ariwo jù ni Ms. Marvel tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014. Kamala Khan, ọmọ Mùsùlùmí tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Pakistan, ni akọni rẹ̀, ìlú Jersey City ni ó ń gbé. G. Willow Wilson, obìnrin òyìnbó tí ó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ni ó kọ ọ́, Adrian Alphona ni ó sì yà á. Ìwé kìn-ín-ní gba ẹ̀bùn Hugo ní ọdún 2015. Ìyá kan láti Emùré ní òun kò fẹ́ ẹ nílé òun rárá, nítorí ní ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ọmọ náà yọ́ jáde lálẹ́ lọ sí àríyá tí bàbá rẹ̀ ti ní kí ó má lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kà á síwájú. Nígbà tí agbára kọ́kọ́ dé sí i, ara rẹ̀ yí padà di ti obìnrin òyìnbó onírun wúrà, nítorí irú ẹwà tí ó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn, ó sì rí i pé ara náà kò gba òun. A kò rí ibi tí wọ́n ti sọ fún ọmọbìnrin tí ń bora lọ́nà tó rọrùn ju èyí lọ pé kí ó má tijú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí ó lọ rí ṣéèkì mọ́sálásí wọn, ó ti ń retí ìbáwí, ṣùgbọ́n bàbá náà gbọ́ tirẹ̀, ó ní bí ó bá máa ṣe é, kí ó fi òtítọ́ àti ìgboyà ṣe é, kí ó sì wá olùkọ́. Ìyá Emùré ní kí a ka ibẹ̀ fún òun lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹnì kan rí The 99 lórí fóònù. Naif al-Mutawa ará Kuwait ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2006. Ìtàn rẹ̀ ni pé nígbà tí àwọn Mongol fọ́ Bàgídádì ní ọdún 1258, wọ́n ti kó ọgbọ́n inú àwọn ìwé ibẹ̀ pamọ́ sínú òkúta 99, ẹni tí ó bá rí òkúta kan yóò ní agbára kan. Ìpìlẹ̀ tó wuyì ni. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwà kan ṣoṣo ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ènìyàn kì í ṣe ìwà kan. Ohun mìíràn ni pé wọ́n ń pe akọni kan ní Jabbar. Ní ilẹ̀ wa, Abdul-Jabbar ni a ń sọ ọmọ, ẹrú Ẹni tí ó ni agbára. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀ yẹn ni a ń bá wọn wí sí. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ní Saudi Arabia bẹnu àtẹ́ lù ú pátápátá. Àwa kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Kí a tó túká, àwọn ọmọ Ìsẹ̀ ti gé bébà funfun kéékèèké, wọ́n ń kọ Yorùbá sí i, wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé Iyanu tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Wọ́n dé ojú ewé kẹsàn-án kí ìjà tó dé: ṣé kí Olori máa sọ ilé ni, àbí kí ó máa sọ ulé bí àwọn ìyá àgbà wọn? Wọn kò tíì yanjú rẹ̀. Bàbá Emùré ní ulé ni.

Òun náà ló ń dá owó ìwé tuntun fún ọmọ tí ó ni ín, owó dọ́là sì ni wọ́n fi ń tà á. Èyí tí a lẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Ojú ewé méjì ti sọnù nínú rẹ̀, níbi tí ewu ti kọ́kọ́ dé bá ọmọ náà. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó pé ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Emùré, kí ó jọ̀wọ́ yá wa fún ọjọ́ méjì péré. A kò ní í ya á.