Ìjókòó Jẹ́ẹ́ nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò ni í fo ìbẹ̀rẹ̀ ìwé D. O. Fágúnwà yìí, tí ó jáde ní 1938, kí wọ́n lè tètè dé ibi ìjà Àkàrà-oògùn. Àṣìṣe ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, olùsọ̀tàn jókòó jẹ́ẹ́ lórí àga rẹ̀, ara tù ú. Bàbá arúgbó kan wá bá a, ó ní kí ó mú kálámù àti ìwé. Bí ariwo bá ti gba ọkàn rẹ̀ ni, ìtàn náà ì bá kọjá lọ.

Àwọn kan lè ní ìmẹ́lẹ́ ni, pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ẹ wo obìnrin ilẹ̀ Ọ̀kun, ní Kàbbà tàbí ní Bùnú, nídìí òfì tí a gbé nàró. Òun nìkan ni ó ń ka òwú. Bí ọkàn rẹ̀ bá ṣí kúrò, ọnà aṣọ a dàrú. Síbẹ̀ ẹbí ni yóò fi aṣọ náà jáde. Bẹ́ẹ̀ ni òǹkọ̀wé: ó dá jókòó, ohun tí ó gbọ́ sì di ti gbogbo wa.

Àléébù kan ni a rí: Fágúnwà kò jẹ́ kí ìjókòó náà sú olùsọ̀tàn kí àlejò tó dé. Àwa kì í rí àlejò bẹ́ẹ̀ kíákíá. Nítorí náà, kí olùkọ́ jẹ́ kí kíláàsì ka ojú ìwé yìí ní ìdákẹ́jẹ́, láìsí fóònù lọ́wọ́. Bí ó bá sú wọn díẹ̀, kí ó má kánjú bi wọ́n ní ìbéèrè.