Dídọ́gba Kọ́ Ni Déédéé

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà tún ti gbé ọ̀rọ̀ àtijọ́ jáde: ó ní dídọ́gba ni Yorùbá fi ń díwọ̀n ẹwà, pé ohun tí ọ̀tún rẹ̀ kò bá ti jọ òsì, àbùkù ti wọ̀ ọ́. Ọ̀dọ̀ Robert Farris Thompson, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, ni wọ́n ti ń mú un. Òun ló fọ̀rọ̀ wá àwọn amẹ̀wà lẹ́nu wò, tó sì to jíjọra, ìfarahọ̀n, gígún àti àwọn mìíràn jọ nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1973. Iṣẹ́ náà dára. Àwọn tó sọ àkójọ yẹn di òfin, tí wọn ò tún tẹ́tí sí ẹnikẹ́ni mọ́, ni wọ́n ń bí mi nínú.

Kí wọ́n wá sí ọjà Mile 12 l’Ékòó. Níbi tí wọ́n ti ń já agbọ̀n tòmátì tó ti Òkè Ọya dé, ẹ wo aláàárù tó ń to ẹrù sórí ọmọlanke. Táyà méjì ló ní, irin kan ṣoṣo ni gbogbo ẹrù gbára lé. Bí ìkángun bá wúwo jù, ọwọ́ ọmọlanke á fò sókè; bí ìdí ọwọ́ bá wúwo jù, apá onítọ̀hún á fẹ́rẹ̀ẹ́ já. “Ó ń fì” ni ẹ ó gbọ́, tàbí “ó ti wà déédéé.” N ò tíì gbọ́ kí wọ́n ní ó dọ́gba, nítorí kò dọ́gba: ẹrù ìdí ọwọ́ máa ń fi díẹ̀ ju tìkángun lọ. Iye àti òṣùwọ̀n ló ni dọ́gba. Kọ́ńgò ìrẹsì méjì lè dọ́gba. Síbẹ̀, ẹni tó wọn ọ́n ṣì ní láti bu èènì lé e kí oníbàárà tó lọ.

Ojú ọpọ́n Ifá gan-an ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi ti wó. Odù 256 ló wà. Nínú wọn, 16 péré ni méjì, tí apá ọ̀tún jọ òsì. Àmúlù ni 240 yòókù. Ṣé àbùkù 240 ni Ọ̀rúnmìlà kó lé wa lọ́wọ́ ni? Ẹ wò ó: ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́nà mẹ́rin ni Ogbè, méjì-méjì lọ́nà mẹ́rin ni Ọ̀yẹ̀kú. Bí babaláwo bá tẹ Ogbè sọ́tùn-ún, tó tẹ Ọ̀yẹ̀kú sósì, Ogbèyẹ̀kú nìyẹn: ilà 4 lápá kan, 8 lápá kejì. Kò sí babaláwo tó máa ní odù náà fì. Bó bá wá yí wọn padà bíi ti inú dígí, Ọ̀yẹ̀kúlogbè ló dé, tòun ti ẹsẹ tirẹ̀ àti ẹbọ tirẹ̀. Ohun kan náà ni dígí rí. Odù méjì ni akápò rí. Ọ̀tún ni a kọ́kọ́ ń pè. Mo ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ déédéé díẹ̀, àmọ́ ibi tó gbé mi dé yìí ló dùn mọ́ mi jù: ta ló ṣáájú? Àní nínú ìbejì pàápàá, Táyé ló kọ́kọ́ dé, Kẹ́hìndé sì ni ẹ̀gbọ́n. Babátúndé Lawal, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà, sún mọ́ ibẹ̀ ní 2008, nígbà tó kọ̀wé lórí èjìwàpọ̀, ìyẹn wíwàpọ̀ ohun méjì. Edan Ògbóni, akọ àti abo tí ẹ̀wọ̀n so pọ̀, bá a mu rẹ́gí.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, mọ̀ ọ́n láìkọ̀wé. Pákó méjì ni ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924. Lórí ọ̀kan, Ọ̀gọ̀gà, ọba Ìkẹ́rẹ́, gúnwà, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lórí èkejì, wọ́n gbé òyìnbó ajẹ́lẹ̀ rù bọ̀. Ẹnìkan jókòó sílé rẹ̀, ẹnìkan wà lọ́rùn ọlọ́rùn. Wọn ò dọ́gba rárá, ilẹ̀kùn náà kò sì fì. Nígbà tí àwọn òyìnbó ní àwọn fẹ́ ẹ, ìtẹ́ kan tí wọ́n kàn nílùú wọn ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ mi bá ń wá ibi tí yóò ti lo dídọ́gba, kó lọ wọn ìyẹn.