Elégbè Ló Ń Dẹ́rù Bani

Ẹni tó bá fẹ́ dẹ́rù bà mí nínú fíìmù, kó má wulẹ̀ ṣe wàhálà iwin. Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe ní Niamey níbí. Èmi ni mo máa ń na ọ̀pá máìkì sókè orí àwọn òṣèré, tí hẹ́díìfóònù á wà létí mi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Iwin tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà, ojú lè gbà á, etí mi kì í gbà á. Ohun tó máa ń já mi láyà ni yàrá tí ènìyàn kún fọ́fọ́, tí gbogbo wọn ń dáhùn sí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé La Nuit des rois, tí Philippe Lacôte ọmọ Côte d'Ivoire gbé jáde ní 2020, jẹ́ ojúlówó fíìmù ẹ̀rù, bí ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ kà á mọ́ wọn.

Inú MACA ni ìtàn náà ti wáyé, ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá tó wà ní Yopougon, l'Abidjan, lẹ́bàá igbó Banco. Lacôte ti mọ ibẹ̀ láti kékeré: wọ́n ti ìyá rẹ̀ mọ́bẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú, ó sì máa ń lọ wò ó. Nínú fíìmù, àwọn wọ́dà ti fi ilé sílẹ̀ fún onílé. Ìran ni wọ́n ń wò. Barbe Noire, tí Steve Tientcheu ṣe, ni ọba àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Àìsàn ti mú un, òfin wọn sì ni pé ọba tí kò bá lè ṣe é mọ́ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. (Ẹni tó bá ti gbọ́ rí pé Aláàfin ṣígbá wò kò ní béèrè àlàyé.) Kí ọjọ́ náà lè sún díẹ̀, ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sọ ọ́ ní Roman, ó ní òun ni yóò pìtàn fún gbogbo ọgbà ní òru òṣùpá pupa. Roman wá gbọ́ ohun tó kù: bí ìtàn bá tán kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀mí rẹ̀ ló lọ. Bakary Koné tó ṣe Roman kò ṣeré rí kó tó di ìgbà yẹn, ìpayà ojú rẹ̀ kò sì jọ ti ẹni tí wọ́n kọ́.

Ìtàn Zama King, olórí ọmọ ìta, ni Roman mú bọ ẹnu, ó sì ń fà á gùn bó ṣe lè fà á. Bí ó ti ń sọ ọ́ ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń gbè é. Wọ́n ń kọrin sí i, wọ́n ń jó o, wọ́n ń fi ara wọn ṣe àwọn tó wà nínú ìtàn. Àwa tí a gbọ́ àlọ́ dàgbà mọ̀ pé bí apàlọ́ bá ní “Ààlọ́ o!” tí ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn, ẹnu rẹ̀ á há. Ti Roman burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn tó ń gbè é náà ló máa pa á. Orin tí wọ́n fi gbé e ró lè jẹ́ orin tí wọ́n fi ń lé e dé òpin. Kò mọ èwo ni, àwa tí à ń wò ó kò sì mọ̀.

Ohùn èrò ṣòro gbà sílẹ̀. Bí o bá gbé máìkì kan ṣoṣo sókè, ohun tó máa wọlé kò yàtọ̀ sí òjò lórí páànù. Bí o bá sì fi máìkì há olúkúlùkù láyà, wàá gbọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, èrò á sì pòórá. Mo máa ń fi ọ̀kan sí òkè fún yàrá, n ó sì wá ibi tí àwọn tí ohùn wọn yàtọ̀ wà: ẹni tó ń wúkọ́, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn yòókù ti dákẹ́. Kí wọ́n tó túká, n ó ní kí gbogbo wọn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, n ó sì gba ìdákẹ́ yẹn náà sílẹ̀, nítorí ìdákẹ́ yàrá tí ènìyàn kún inú rẹ̀ kò jọ ti yàrá òfìfo. Àwọn olùdarí máa ń fajú ro sí mi. Wọ́n ní mò ń fi owó epo jẹnẹrétọ̀ ṣòfò. Ìdákẹ́ ẹlẹ́ẹ̀mí yẹn ni etí mi máa ń wá nínú fíìmù Lacôte, nígbàkígbà tó bá dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ fẹ́ tán lẹ́nu Roman.

Kò sì yẹ kó jẹ́ Abidjan ni ará Niamey yóò ti kọ́ èyí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1971, Jean Rouch, olùdarí fíìmù ọmọ Faransé, gbé kámẹ́rà lé èjìká ní Simiri, níhà àríwá ìlú yìí; Moussa Hamidou, ọmọ Niger, ló ń gba ohùn. Àwọn ará abúlé ń bẹ àwọn ẹ̀mí kí wọ́n lé eṣú kúrò lórí ọkà wọn. Ìlù àtijọ́ méjì, tourou àti bitti, ti dún dún, kò sí ẹni tí ẹ̀mí gùn. Rouch ya àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, láìgé e. Láàárín rẹ̀ ni ìlù dákẹ́. Ẹlòmíràn ì bá ti pa kámẹ́rà. Rouch kò pa á, àwọn onílù tún mú un, ẹ̀mí Kure, ìkookò, sì gun ẹni tó ń jó. Rouch fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kámẹ́rà tí kò dáwọ́ dúró ló fà á. Kò burú, oníkámẹ́rà ni. Èmi máa ń dá fíìmù náà padà síbi tí ìlù ti dákẹ́.

Ibì kan wà tí La Nuit des rois já mi kulẹ̀: ìgbà tí ìtàn Roman gbé wa lọ sí ayé àwọn ọba àtijọ́, tí wọ́n ń fi oògùn jà, tí kọ̀ǹpútà sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣèré. A ti jìnnà sí àwọn elégbè, ẹ̀rù sì sá lọ. Bí wọ́n ṣe dá wa padà sínú ọgbà ni orí mi tún wú.

Fíìmù náà dé Venice, ó gba ẹ̀bùn ní Toronto, ó sì wọ àwọn 15 tí wọ́n ṣà fún Oscar fíìmù ilẹ̀ òkèèrè ní 2021, kò kàn wọ 5 ìkẹyìn ni. Síbẹ̀, ẹni tó ń wá ẹ̀jẹ̀ àti ìwo kò rí i níbẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé sinimá kò sì fẹ́ pè é ní fíìmù ẹ̀rù. Ní ti àwa Yorùbá tó wà ní Niamey, eré tiwa orí sátẹ́láìtì ti tó wa, Faransé sì ń sú àwọn àgbà wa. Mo rọ̀ yín kí ẹ wò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí fóònù, nítorí ẹnu kékeré yẹn á kó gbogbo èrò ọgbà náà pọ̀ di ariwo kan. Hẹ́díìfóònù tó dára ni kí ẹ wá. Bí ẹ bá wà nítòsí tí ẹ kò ní, èmi ní méjì.