Adé Orí Tábìlì: Àyẹ̀wò Eré Birthright

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé àgbàlagbà mẹ́rin tàbí márùn-ún jókòó yí tábìlì ká ní alẹ́, tí olúkúlùkù wọn sì ń ṣe bí ọba, lè fi ojú eré ọmọdé wò ó. Ṣùgbọ́n eré tí ó ní ìwé òfin, tí ó ní ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, tí ó sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe é pé kí wọ́n dá ẹjọ́, kí wọ́n gba owó-orí, kí wọ́n sì rán ọmọ ogun lọ sójú ìjà, ní ohun tí ó ń sọ nípa ìjọba, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtàn-àròsọ ti ní. Ohun tí irú eré bẹ́ẹ̀ ń sọ, àti bóyá òtítọ́ ni ó ń sọ, ni ó yẹ kí lámèyítọ́ yẹ̀ wò.

Orísun irú eré yìí kò ṣòro láti tọ́ka sí. Ní 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson, ọmọ Amẹ́ríkà méjèèjì, mú Dungeons & Dragons jáde. Nínú rẹ̀, ẹnì kan ni adarí eré. Òun ni ó ń ṣàpèjúwe ayé àròsọ fún àwọn akópa. Akópa kọ̀ọ̀kan a máa sọ ohun tí ẹ̀dá tirẹ̀ fẹ́ ṣe, dáìsì a sì máa parí ọ̀rọ̀ níbi tí iyèméjì bá wà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òfin ti gbà pé jagunjagun tí ó bá ti dàgbà nínú eré lè kọ́ odi, kí ó sì di olórí ilẹ̀. Ní 1984, Frank Mentzer fi ìlànà ìṣàkóso ilẹ̀ sínú ìwé Companion. Síbẹ̀, èrè ọjọ́ alẹ́ ni oyè jẹ́ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí: akópa ní láti bá ẹranko abàmì jà fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó gorí àpèrè. Birthright, tí Rich Baker àti Colin McComb ṣe, tí ilé-iṣẹ́ TSR sì tẹ̀ jáde ní 1995, ni ó yí ètò yìí padà. Nínú rẹ̀, láti ọjọ́ kìíní ni akópa ti lè jẹ́ olórí ìlú.

Cerilia ni orúkọ ilẹ̀ tí eré náà ti ń ṣẹlẹ̀. Ìtàn rẹ̀ sọ pé àwọn òrìṣà àtijọ́ ṣègbé nínú ogun kan ní òkè Deismaar, agbára wọn sì wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó wà níbẹ̀. Àwọn arọ́mọdọ́mọ wọn ni ó ń jọba títí di àkókò eré náà. Ìjọba ńlá Anuire, tí Roele dá sílẹ̀, ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìtẹ́ Irin rẹ̀ ti ṣófo láti ìgbà tí Michael Roele, ọba ìkẹyìn, ti kú lọ́wọ́ ẹ̀dá búburú tí à ń pè ní Gorgon. Darien Avan, olórí Avanil, àti Aeric Boeruine ń wo ìtẹ́ náà pẹ̀lú ìyánhànhàn. Ìtẹ́ òfìfo yìí ni ẹ̀rọ tí ń ti gbogbo eré náà síwájú. Kò sí àlejò tí yóò wọ ààfin akópa kan tí a kò ní bi í, bí ó tilẹ̀ jẹ́ nínú ọkàn, pé ta ni ó rán an.

Ọgbọ́n tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ àwọn òǹṣèwé méjèèjì yìí ni pé wọ́n fi ìwọ̀n sí agbára ọba. Sáà oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n pín ìṣàkóso sí, ìgbésẹ̀ kan péré ni ó sì tọ́ sí olórí ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá lo oṣù yìí láti kọ́ odi kò lè lò ó mọ́ láti bẹ aládùúgbò rẹ̀. Ó tún ń ná wúrà, ó sì ń ná òǹkà àṣẹ, èyí tí í ṣe ìwọ̀n ipá ìjọba rẹ̀. Èkejì ni pé ilẹ̀ kan kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Oríṣi ìní mẹ́rin ni ó wà nínú agbègbè kọ̀ọ̀kan: ti òfin, ti ẹgbẹ́ oníṣòwò, ti ilé-òrìṣà, àti ti orísun idán. Ọba lè ní ilẹ̀, kí àlùfáà ní tẹ́ńpìlì, kí oníṣòwò sì ní ọjà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ibi tí ìlànà yìí ti dára jù ni ọ̀rọ̀ igbó. Ní ilẹ̀ tí ọmọ ènìyàn ń gbé, bí èrò bá ti ń pọ̀ sí i ni orísun idán ń gbẹ. Ọba tí ó fẹ́ kí agbègbè rẹ̀ gbòòrò, kí owó-orí lè pọ̀, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé agbára onídán tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀tá nínú ìjà yìí, kò sì sí ẹni tí ó jẹ̀bi. Ẹni méjì tí ó fẹ́ràn ara wọn ni ó jókòó sí tábìlì kan náà, ohun rere tí ọ̀kan ń wá sì jẹ́ àdánù fún èkejì. Adarí eré tí ó bá gbọ́n kì yóò sáré là wọ́n. Yóò jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ tán.

Ṣùgbọ́n àbùkù eré náà kò kéré. Èkíní ni ti ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀jẹ̀ òrìṣà kò lè kó òǹkà àṣẹ jọ rárá; ẹni tí ó sì ní in kò lè kó ju bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lágbára tó lọ ní sáà kan. Ìyẹn ni pé bí àgbẹ̀ kan bá gbọ́n, tí gbogbo ìlú sì fẹ́ràn rẹ̀, òfin kò ní ojú tí yóò fi rí i. Ìwé náà tún sọ pé ẹni tí ó bá pa ẹlẹ́jẹ̀ òrìṣà, tí ó gún un ní ọkàn, lè gba agbára rẹ̀. Èyí fún ìtàn ní ẹ̀rù tí ó yẹ ẹ́, àmọ́ ó sọ àṣẹ di ohun tí a lè jí, bí ẹni jí ewúrẹ́, láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn tí a ń jọba lé lórí.

Èkejì ni ti àwọn ará ìlú fúnra wọn. Bí ènìyàn kò sí, imọlẹ̀ kò sí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọba. Nínú Birthright, ìpele mẹ́rin ni ìfẹ́ ìlú sí olórí pín sí, láti orí ìfẹ́ tí ó ga títí dé ọ̀tẹ̀. Owó-orí tí ó wúwo lè fa ìpele yìí wálẹ̀. Ètò náà tọ́, ṣùgbọ́n àmì lórí ìwé lásán ni. Akópa lè rí i pé ìlú ti kọ òun, kí ó má mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tí ó kọ̀ ọ́. Òògùn rẹ̀ wà nínú ìwé náà fúnra rẹ̀, níbi tí àwọn òǹṣèwé kò ti tẹnu mọ́ ọn tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan ni dáìsì ń mú ìṣẹ̀lẹ̀ wá, ọ̀kan nínú wọn sì ni ẹjọ́ tí ó dé iwájú olórí. Adarí eré tí ó bá fi ìṣirò parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti pa eré náà. Èyí tí ó bá mú opó kan àti ẹni tí ó gba oko rẹ̀ wọlé, tí ó fún àwọn méjèèjì ní ohùn, tí ó sì jẹ́ kí opó náà tún fara hàn ní sáà kẹta láti dúpẹ́ tàbí láti ṣépè, òun ni ó sọ àmì orí ìwé di ìlú.

Àfiwé kan yóò mú ọ̀rọ̀ yìí yéni sí i. Ní 2010, ilé-iṣẹ́ Paizo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Kingmaker jáde. Nínú rẹ̀, ìjọba kan ṣoṣo ni gbogbo akópa jọ ń tọ́. Ọ̀kan jẹ́ olórí, òmíràn ń ṣọ́ àpò owó, òmíràn ń darí ogun. Bí rògbòdìyàn ìlú bá sì pé ogún ní òǹkà, ìjọba náà dàrú. Ó dára ní ti pé ó fún olúkúlùkù ní ipò, ó sì fi òpin sí sùúrù ìlú. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí àǹfààní gbogbo wọn ti jẹ́ ọ̀kan, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gba ara wọn kì í ní egungun nínú. Ìjà igbó tí a sọ ṣáájú kò lè wáyé níbẹ̀ pẹ̀lú irú agbára yẹn. Nítorí náà, Birthright ni ó mọ ìjọba jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Kingmaker ni ó rọrùn jù láti darí.

Ẹ̀mí Birthright kò gùn. Ní 1997 ni ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast ra TSR, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí ìwé tuntun fi dẹ́kun láti máa jáde fún un. Ohun kan ṣì kù nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí òǹkàwé Yorùbá fiyè sí. Àwọn òǹṣèwé náà kò pe akópa tí ń ṣe olórí ní ọba. Regent ni wọ́n pè é, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Yorùbá ń túmọ̀ sí adelé. Adelé kò ni ilé; ó ń ṣọ́ ọ de ẹni tí ó ni ín ni. Ìwé náà fi ẹ̀jẹ̀ òrìṣà ṣe ìpìlẹ̀ oyè, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó fún olóyè tako ìpìlẹ̀ yẹn, orúkọ náà ni ó sì sún mọ́ òtítọ́ jù. Adarí eré tí ó bá rán àwọn akópa rẹ̀ létí, ní ìgbà tí wọ́n bá ń ka wúrà wọn, pé adelé ni wọ́n, ti ṣe àtúnṣe tí ìwé náà kò ṣe.